Gbodo Tí Kòkòrò Kọ̀

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ẹni tí kò bá rìn kò ní jẹun. Bó ṣe rí nìyẹn. Kí oòrùn tó yọ, a ti mu ẹ̀kọ gbígbóná, a ti gbé igbá karí, a ti kúrò ní Ìlobù. A ó sọdá odò, a ó gun òkè. Ká tó dé oko bàbá mi, ìrì ti fọ ẹsẹ̀ wa mọ́ tónítóní. Iṣu tí a bá wà láàárọ̀ la ó sun jẹ lọ́sàn-án, pẹ̀lú epo àti iyọ̀ díẹ̀. Ìbẹ́pẹ ń bẹ lórí igi. Ta ló ń ra omi? Ta ló ń ra oúnjẹ inú ọ̀rá, tí ẹni tó ṣe é kò mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́?

Ẹ wo àwọn ọmọ ilé yìí lónìí. Bísíkíìtì ni wọ́n fi ń ṣínu, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n fi ń lé e. Wọ́n ń gun ọ̀kadà lọ síbi tí mo lè ju òkò dé. Wọ́n á ní ó ń rẹ àwọn. Kí ló ń rẹ̀ wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n sún síbí. N kì í lè jókòó sójú kan pẹ́, ẹ ti mọ̀.

Rísíkà, o ní o fẹ́ kọ́ iṣẹ́ gbodo lọ́wọ́ mi. Ìwọ àti ọkọ rẹ fẹ́ máa lọ ẹ̀lùbọ́ ní Òṣogbo, ẹ fẹ́ máa dì í sínú ọ̀rá, ẹ sì fẹ́ kọ orúkọ mi sí i lára. Mo gbọ́. Inú mi dùn, ara mi kò sì balẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ni ọ́, n kò ní tàn ọ́. Kí n tó sọ pé kí ẹ kọ ọ́ tàbí kí ẹ má kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ó kan ìyá rẹ. Ó kan ìwọ náà. N ó tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí bí mo bá fo ibì kan, ẹ ó tún dá ẹni tí kò jẹ̀bi lẹ́bi.

Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ọmọ Ìfọ́n ni. Láyé ìgbà yẹn, a lè jẹun àárọ̀ níhìn-ín ká jẹ tọ̀sán ní Ìfọ́n. Ìjà ilẹ̀ ti wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì di pé kéèyàn máa wẹ̀yìn kó tó lọ kí ará ilé ìyá rẹ̀… Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

A ó bẹ iṣu, a ó bọ̀ ọ́ sínú omi tó gbóná. Omi náà kò gbọdọ̀ hó. Bó bá hó, iṣu ti jinná nìyẹn, ó ti bàjẹ́. A ó fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. A ó wá kó o lọ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, a ó sá a títí yóò fi gbẹ, títí yóò fi máa dún kó-kó bí a bá fi ọ̀kan lu èkejì. Gbodo nìyẹn. Bí a bá lọ̀ ọ́, ó di ẹ̀lùbọ́. Àwa ọmọ ló ń lé ewúrẹ́ lórí àpáta náà. Àárọ̀ ṣúlẹ̀ la fi ń sáré. Ṣé ẹ rí i pé orúnkún mi kò dùn mí títí dòní?

Kòkòrò ni ọ̀tá gbodo. Ìyá mi a kó tiwa sínú apẹ̀rẹ̀, a gbé e sórí àjà, lókè ààrò, kí èéfín lè máa fẹ́ sí i. Síbẹ̀, kòkòrò a jẹ díẹ̀ níbẹ̀. A ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, a ó lọ̀ ọ́, a ó jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan mo bínú. Mo ní, "Ìyá mi, àwọn kòkòrò yìí ti fẹ́ jẹ gbodo wa tán."

Ó ní, "Ṣé ìwọ nìkan ni ebi ń pa ni? Má bẹ̀rù èyí tí kòkòrò jẹ. Èyí tí kòkòrò kọ̀ ni kí o bẹ̀rù."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ó wá di àkókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Òṣogbo di olú-ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń dé láti ibi gbogbo, gbogbo wọn ló fẹ́ jẹ ọkà àmàlà, kò sí ẹni tó fẹ́ débi tí iṣu ti ń hù nínú wọn. Alájàpá kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra gbodo lọ́wọ́ mi níhìn-ín. Obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni. Lọ́jọ́ kan, ó mú gbodo kan nínú apẹ̀rẹ̀ mi, ó gbé e sókè sí oòrùn.

Ó ní, "Ìyá Múfú, gbodo yín dùn, ṣùgbọ́n ó lu bí asẹ́. Àwọn tí mò ń tà á fún kò fẹ́ rí ihò."

Mo ní, "Ṣé ihò ni wọ́n fẹ́ jẹ ni?"

Ó ní, "Ojú ni wọ́n fi ń jẹun lọ́dọ̀ wa, ìyá." Ó wá mú agolo kan jáde, ẹ̀tù funfun ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ìwé kankan lára agolo náà. "Ẹ máa wọ́n díẹ̀díẹ̀ sínú àpò. Kòkòrò kankan kò ní sún mọ́ ọn."

"Ṣé irú èyí tí wọ́n ń lò sí kòkó kọ́ nìyí?"

"Ó jọ ọ́. Gbogbo ayé ló ń lò ó. Bí ẹ bá ti gbọ̀n ọ́n, ó ti lọ."

Mo lò ó. N kò ní parọ́ fún yín. Èyí tí a óò jẹ wà lórí àjà, n kò fi nǹkan kan sí i. Èyí tí a óò tà wà nínú àpò, nínú yàrá mi, òun ni mò ń wọ́n ẹ̀tù sí. Ẹ gbọ́… bí mo bá ti wọ́n ọn tán, mo máa ń fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó fọwọ́ kan ọmọ. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan kì í fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

N kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo mọ ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ilé yìí já lẹ́nu ọmú, tí mo mọ ẹni tí ẹ̀wà kì í bá lára mu, tí wọ́n ń pè bí wọ́n bá gbàgbé orúkọ bàbá ẹnì kan. Èyí nìkan ni mo gbé mì.

Múfú, bàbá rẹ, ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Òṣogbo nígbà náà. Ọ̀dọ̀ mi níbí ni ìwọ àti Sàádátù ìyá rẹ wà. O kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ará ilé ìyá mi kan kú ní Ìfọ́n, mo sì fẹ́ lọ kí wọn. Mo ní, "Sàádátù, ọkà ni kí o rò fún bàbá. Gbodo wà lórí àjà."

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Màmá. Ẹ bá mi kí wọn."

Bàbá àgbà yín fẹ́ràn àwàdà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó ti inú ilé pariwo pé, "Sàádátù, ṣé kòkòrò náà ni o tún fẹ́ fi ṣe ẹran fún wa lónìí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo bá tèmi lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìyá rẹ létí. Nígbà tó gbé apẹ̀rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà, kòkòrò ń rìn lọ́wọ́ rẹ̀, eruku ń bọ́. Ó wò ó, ojú tì í. Ó lọ sínú yàrá mi, ó tú àpò kan wò. Gbodo funfun, kò sí ihò kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ìyàwó tí wọ́n kọ́ nílé kì í gbé èyí tí kò dára fún bàbá ọkọ rẹ̀. Ó bù ú, ó lọ̀ ọ́, ó rò ó. Ó bu ti bàbá, ó bu tìrẹ. Òun kò tíì jẹ, nítorí ìyàwó ilé ló ń gbẹ̀yìn.

Nígbà tí mo ti Ìfọ́n dé, ilé dá páropáro. Aládùúgbò ló sọ fún mi pé wọ́n ti gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Mo sáré. Mo bá bàbá àgbà yín lórí ẹní, ó ń bì. Ìwọ, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ, ara rẹ ń gbọ̀n, ojú rẹ kò dá mi mọ̀. Sàádátù wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá Líádì tó ti dolóògbé, àbúrò bàbá àgbà yín, dúró lé e lórí.

"Bí oúnjẹ náà bá dára, kí ló dé tí ìwọ tó sè é kò jẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, èmi ni mo máa ń gbẹ̀yìn."

"Òní náà ni o wá rántí pé o máa ń gbẹ̀yìn."

Sàádátù rí mi, ó fi orúnkún rìn wá sọ́dọ̀ mi. "Màmá, èyí tó dára jù ni mo bù. Tinú àpò. Kòkòrò kò sí níbẹ̀ rárá."

Mo mọ àpò tó ń wí.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá, ṣé nǹkan kan wà nínú àpò yẹn? Bí a bá mọ̀ ọ́n, a ó mọ ohun tí a ó fún wọn."

Mo ní, "N kò mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni. Rísíkà, má wolẹ̀, wò mí. O ń kú lọ lójú mi, mo ní n kò mọ̀.

Wọ́n pe ìrun Àsárì. Mo ní kí n lọ ṣe àlùwàlá, mo fẹ́ sá kúrò níbẹ̀ ni. Mo bu omi. Mo fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi dúró. N kò lè ṣe é mọ́. Mo da omi nù, mo padà wọlé. Mo sọ sí nọ́ọ̀sì náà létí pé, "Oògùn kòkòrò ni. Èmi ni mo fi sí i." Kò tilẹ̀ bá mi wí. Ó sáré lọ gbé abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta lo lò níbẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Bàbá àgbà yín náà dìde, ṣùgbọ́n kò ní agbára oko mọ́. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ rìn bọ̀ di ẹni tó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Bóyá ọjọ́ orí ni, bóyá èmi ni. N kò mọ̀, n kò sì ní mọ̀.

Ìyá rẹ kò bínú sí mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ kò sọ fún mi." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí dòní.

Ta ló gbọ́ òótọ́ tí mo sọ? Nọ́ọ̀sì, Sàádátù, àti bàbá àgbà yín nígbà tí ara rẹ̀ yá. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ará ilé. Títí Ìyá Líádì fi kú, ojú ẹni tó fẹ́ fi oúnjẹ pa èèyàn ló fi ń wo ìyá rẹ. O ti gbọ́ ọ rí, àbí o kò gbọ́? Mo mọ̀ pé o ti gbọ́. Irọ́ ni. Èmi ni. N ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn bí wọ́n bá péjọ fún Iléyá, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí mi sí.

Mo gbẹ́ kòtò, mo da ìyókù gbodo náà sí i, mo da agolo sí i. Ṣùgbọ́n àpò mẹ́rin ti lọ ṣáájú. Mo lọ bá alájàpá yẹn ní Òṣogbo. Mo ní, "Dákun, níbo ni àpò mẹ́rin yẹn wà?"

Ó ní, "Wọ́n á ti jẹ ẹ́ tán, ìyá. Ṣé ẹ gbọ́ pé ẹnì kan kú ni?"

Mo ní, "Bí wọ́n bá kú, ta ni yóò wá sọ fún mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ lọ sinmi."

Sinmi kẹ̀? Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ọmọ tó ń jẹun, n ó kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀. Mo mọ gbogbo ẹni tó jẹun nínú ilé yìí. Ti àpò mẹ́rin yẹn ńkọ́? Bóyá ọmọ bíi tìrẹ jẹ níbẹ̀. Bóyá ìyàwó kan wà lórí ìkúnlẹ̀ níbì kan, tí wọ́n ń bi í pé kí ló fi sí oúnjẹ, tí kò sì sí Ìyá Múfú níbẹ̀ tí yóò jẹ́wọ́ fún un.

Ọkọ Rísíkà, ẹ má bínú pé mo pẹ́ lórí ọ̀rọ̀. N ó kọ́ yín. Gbogbo rẹ̀ ni n ó kọ́ yín, láti orí omi dé orí àpáta. Inú èyí tí ẹ óò tà ni kí ẹ ti máa bu èyí tí ẹ óò jẹ, kò gbọdọ̀ sí àpò méjì nílé yín. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ rí ihò, ẹ jẹ́ kó lọ ra tibòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ má kọ orúkọ mi sí i. Tiyín ni kí ẹ kọ, kí ẹ kọ ilé tí ẹ ń gbé sí i pẹ̀lú, kó hàn gbangba, kí ẹni tí inú bá ń run lẹ́yìn tó jẹ ẹ́ lè mọ ilẹ̀kùn tí yóò wá kàn.