Èmi Ni Mo Sọ Pé Àǹtí Nọ́ọ̀sì Máa Ń Pariwo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o! Inú mi ń dùn, àyà mi sì ń já. Ìyàwó mi bímọ, ọkùnrin làǹtìlanti, tìyá tọmọ ló wà ní àlàáfíà. Ó yẹ kí n máa jó ni, àmọ́ tí wọ́n bá ti kan ilẹ̀kùn báyìí, ara mi á bù máṣọ. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ fún yín.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mò ń wà, láti Ìsọlọ̀ sí Èjìgbò. Ìwé ò pọ̀ lórí mi. Nígbà tí ìyàwó mi lóyún, ọsibítù ìjọba kékeré tó wà nítòsí ilé wa la forúkọ sílẹ̀ sí. Wọ́n mọṣẹ́ níbẹ̀, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ikùn aláboyún wò ò ní kọ́tìnnì, ilẹ̀kùn ẹ̀ ò sì ṣeé tì. Ẹni tó bá kàn ń kọjá lọ gba oògùn á rí ikùn ìyàwó oníyàwó. Ìyàwó mi ò rí nǹkan fi bo ikùn, ó wá ń fi gèlè bojú! Ti Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn aláboyún wá ńkọ́? Háà! "Ìwọ! Ẹ̀fọ́ ni mo ní kó o máa jẹ! Ṣé ẹ̀fọ́ ló jọ gàrí lójú ẹ ni?" Gbogbo àdúgbò á gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba, ó ń bi àwa tá a wà lórí bẹ́ńṣì pé báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú wa. Ẹ mọ̀ wá náà. Ìyá tó ti ń ráhùn látàárọ̀ ní, "A dúpẹ́, mà. Wọ́n ń gbìyànjú." Ẹni tó tẹ̀ lé e náà, "A dúpẹ́ o." Ó wá kàn mí. Mi ò mọ ohun tó tì mí! Mo ní, "Mà, ẹ bá wa ra kọ́tìnnì, ìyàwó wa kì í ṣe fíìmù. Nọ́ọ̀sì yẹn náà mọṣẹ́, àmọ́ ó máa ń pariwo mọ́ wa bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́." Ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi: "Ta ló máa wá gbẹ̀bí mi báyìí?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣé ẹni tí ẹ̀mí ìyàwó mi máa wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni mo lọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn yìí? Mo ní ká wá ibòmíì lọ, lọ́nà Jakande. Ibi tá a ti ń rò ó, ni ìyàwó mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lọ́sàn-án gangan. Mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ibi tó sún mọ́ wa jù náà ni mo sáré gbé e lọ. Ta la bá lẹ́nu iṣẹ́? Àǹtí Nọ́ọ̀sì!

Ó di ìyàwó mi lọ́wọ́ mú. "Rọra, ọmọ mi. Rọra." Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu ẹ̀ rí! Kọ́tìnnì tuntun ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ló bá fà á dé. Mo jókòó síta. Ìgbà tí mo gbọ́ tí ọmọ ké, mo fò mọ́ síkúríìtì lọ́rùn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìkókó, o kú oríire! Ṣó o rí kọ́tìnnì? Látọjọ́ tí mo ti débí ni mo ti ń bẹ ìjọba fún un, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ráhùn. Àfìgbà tí ẹnì kan lanu sọ̀rọ̀. Àmọ́ onítọ̀hún tún ní mo máa ń pariwo!" Ó kọjú sáwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì, ó lọgun: "Ṣé mo máa ń pariwo ni?"

"Rárá o, mà!"

Ẹ foríjì mí, ohùn tèmi ló ròkè jù.

Ló bá ní, "Ìwọ tó ò ń wa kẹ̀kẹ́, o mọ gbogbo èèyàn. Bá mi wá ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn, wọn ò dárúkọ ẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ká tó wá jọ yanjú ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn." Mo ní mo ti gbọ́, mà. Èmi tí mò ń wá ara mi kiri!

Ọ̀la la máa sọmọ lórúkọ, Àǹtí Nọ́ọ̀sì sì ní òun ń bọ̀ wá gbé ọmọ òun. Ìyá mi ní kí n panu mọ́. Ìyàwó mi ní ẹni tó ṣe wá lóore tó báyìí, ìtìjú ni kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Tìyàwó mi ni mo fẹ́ ṣe. Ẹ ṣáà gbà mí nímọ̀ràn, nígbà tó bá gbé ọmọ mi dání tó ń wò mí lójú, èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ: ẹ ṣé, àbí ẹ má bínú?