Imú Mi Ló Kú, Irin Wahab Kò Là

Ẹ̀yin wẹ́dà Ọgbà, ẹ̀yin wẹ́dà Agége, àti gbogbo ẹni tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe iṣẹ́ tí kò dára ní "irin Wahab", ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí n tó kú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò tíì tó ogún ọdún, ọdún mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbé e mọ́. Èmi ni Nùréènì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ẹ mọ̀ sí Bàbá Onímú. Èmi ni mo sọ fún yín pé irin tí Wahab jó pọ̀ ló là tó sì pa á. Irọ́ ni mo pa. Ẹ jẹ́ kí n ro ó látìbẹ̀rẹ̀, kí n má baà tún rí ibi sá pamọ́ sí.

Ilé-iṣẹ́ yìnyín kan lẹ́bàá ojú irin ní Agége ni mo ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Iná ló ń bí yìnyín níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín. Ìkòkò irin ńlá kan wà tó ga ju ènìyàn méjì lọ, ìkòkò gáàsì là ń pè é. Omi tí a po amóníà mọ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá dáná sí i nídìí, amóníà á fi omi sílẹ̀, á di gáàsì, á gba páìpù lọ síbi tó ti máa tutù, ibẹ̀ ló sì ti máa sọ omi di yìnyín tí àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn òtẹ́ẹ̀lì Ìkẹjà ń rà. Gáàsì yìí ò ṣeé fojú rí. Òórùn rẹ̀ dà bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nínú ike. Bó bá kéré, á ta ènìyàn lójú. Bó bá pọ̀, á dí ènìyàn ní ọ̀fun pa. Nítorí náà, láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ yàrá ìkòkò, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi imú yí i ká. Èmi lẹni náà. Mo lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n ní nọ́ọ̀tì kẹta lápá òsì ló ń jò, wọ́n á lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa rí. Ọ̀gá àgbà wa máa ń mú àlejò wá wò mí. Mo gbádùn rẹ̀, n ò ní purọ́. Èmi tí n kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, àwọn ẹnjiníà a máa dúró sẹ́yìn mi kí n tó ní, "Ó mọ́."

Ní ọdún àrùn kòrónà, ibà gbé mi dè fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ara mi yá, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Fàúsát ìyàwó mi sáré kọjá níwájú mi wọ ilé ìdáná, ó ń pariwo pé, "Bàbá Kazeem, ẹ jókòó síbí, ẹja ń jóná! Ẹ ò gbóòórùn ni?" Èéfín ti kún ilé. N ò gbóòórùn ohunkóhun. Mo gbé àlùbọ́sà símú, mo gbé kánáfùrù símú, mo ṣí lọ́fínńdà rẹ̀, pàbó ló já sí. Mo rò pé á padà. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́fà kọjá, ọdún yí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé Onímú ò ní imú mọ́? Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo di òwe yẹn mú ṣinṣin, n ò rántí pé ikú ara ẹni làwọn àgbà ń wí, kì í ṣe ikú ọmọ ẹlòmíì.

Imí ọjọ́ ni mo fi bo àṣírí ara mi. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n rẹ imí ọjọ́ sí lórí. Bí a bá tàn án tí amóníà bá wà nítòsí, èéfín rẹ̀ á funfun, á kì bí òwú. Èmi yìí kan náà ni mo ti máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun èlò ọ̀lẹ ni. Mo wá di ẹni tó ń kírun àsùbáà tán, tó ń sáré dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo ayé, kí n lè fi igi imí ọjọ́ yí ìkòkò ká, kí n sì fi ibi tó ń jò sọ́kàn. Bí àwọn yòókù bá dé, màá di ojú, màá na imú sókè, màá máa fà á símú ṣíìn-ṣíìn bí òṣèré. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Alágàbàgebè àgbà ni mí, ẹ wò mí dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà gba ẹnjiníà tuntun kan, obìnrin, Olútóyìn lorúkọ rẹ̀, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó wo ìkòkò gáàsì wa, ó mi orí. Ó ní, "Sà, ìkòkò yìí ń mu dísẹ́ẹ̀lì jù. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fún wa níná ń tú èéfín gbígbóná dà sójú ọ̀run lásán. Ẹ jẹ́ ká to páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ìkòkò, kí èéfín yẹn máa gba inú wọn kọjá kó tó jáde. Ooru tí à ń sọ nù ló máa sè é." Ọ̀rọ̀ gidi ni, kódà èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá fi kún un pé, "Àmọ́ ooru máa pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ o, gáàsì náà á sì lágbára sí i. Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń ké bí amóníà bá jò. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ká rà á ká tó bẹ̀rẹ̀." Ọ̀gá yíjú sí mi. Ẹ̀rọ yẹn ì bá gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ irọ́ mi, ǹ bá fi ẹ̀yìn ti àgbà, kò ní sí ẹni tó máa bi mí léèrè imú mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ọmọ mi, bí bátìrì ẹ̀rọ yẹn bá kú ńkọ́? Imú tèmi kì í lo bátìrì." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní, "Baba has spoken. Ẹ̀rọ kankan ò sí." Olútóyìn wo ilẹ̀. Mo rí i pé ojú tì í, inú mi sì dùn.

Wahab ni wọ́n gbé iṣẹ́ jíjó irin náà fún. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, èmi ni mo mú un wọ ilé-iṣẹ́ yẹn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù. Ó lo ọjọ́ mọ́kànlá lórí ìkòkò náà. Bó bá jó páìpù kan tán, á fi bírọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, á tan tọ́ọ̀ṣì sí i, á fi èékánná tọ́ ojú rẹ̀ yíká. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gé e kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀. Olútóyìn fi omi dán an wò, ó ní kò sí ibì kan tó jò. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: kò sí ibì kan tó jò lára irin tí Wahab jó. Ìdérí òkè ìkòkò, tí a fi nọ́ọ̀tì mẹ́rìnlélógún dè, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí lábẹ́, ohun tó ń dí ẹnu rẹ̀ kó má baà jò.

Ọjọ́bọ̀ la fẹ́ kọ́kọ́ tan ìkòkò náà. Mo ti to igi imí ọjọ́ mi sápò de àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Àfi bí ọ̀gá ṣe yọ sí wa ní ọ̀sán Ọjọ́rú pẹ̀lú àwọn àlejò méjì láti Allen ní Ìkẹjà, ó ní àwọn fẹ́ rí i lójú ẹsẹ̀. A tan án. Nígbà tí gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, ọ̀gá ní, "Bàbá Onímú, ó kù sí yín lọ́wọ́." Gbogbo wọn dúró síta, lẹ́nu ọ̀nà. Èmi nìkan ló yẹ kó wọlé, ṣùgbọ́n Wahab tẹ̀ lé mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo gun àkàbà, mo na imú. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ìdérí, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Omi dà lójú mi. Ẹ gbọ́ ọ: imú mi ti kú, ṣùgbọ́n ojú mi ò kú. Mo mọ̀. Ìdérí yẹn ń jò, mo sì mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ìyá mi.

Olútóyìn pariwo láti ẹnu ọ̀nà, "Bàbá, ṣé ó mọ́?" Bí mo bá ní ó ń jò, wọ́n á ní, nọ́ọ̀tì wo? N ò mọ̀ ọ́n. Imú mi ò lè sọ ọ́ níwájú àwọn àlejò. Mo dáhùn pé, "Ó mọ́." Wahab, tó wà nídìí àkàbà, sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí wọ́n má baà gbọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á ná. Ẹ kàn ní ẹ fẹ́ sinmi díẹ̀, màá fún àwọn nọ́ọ̀tì yìí le, a ó tún tan án." Mo gbójú mọ́ ọn. Mo ní, "Ìwọ Wahab, ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú ọ̀gá ni? Àbí o ti gba imú lọ́wọ́ mi?" Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀." Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bọ́ síta, mo ń bá ọ̀gá bọwọ́. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Wahab ti wà lórí àkàbà pẹ̀lú sípánà. Gáàsì ń lágbára sí i. Mo ṣì lè pariwo pé kí wọ́n pa á. Mo yíjú padà sí ọ̀gá. A gbọ́ ìró kan, gbàù, gásíkẹ́ẹ̀tì fò, èéfín funfun bo gbogbo yàrá. A sá. Ìgbà tí wọ́n fi omi tu gáàsì náà ká tí wọ́n gbé e jáde, Wahab ò mí mọ́.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ sọ yìí. Ọ̀gá bi mí pé, "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣebí ẹ ní ó mọ́." Òkú Wahab wà nílẹ̀, wọ́n fi àpò ìrẹsì bò ó. Mo tọ́ka sí ìkòkò, mo ní, "Ó mọ́ nígbà tí mo wò ó. Irin tó jó ló là." Olútóyìn ń sunkún, ó ní, "Irọ́ ni sà, ìdérí ni, ẹ lọ wò ó!" Kò sẹ́ni tó lọ wò ó. Wọ́n lé e kúrò níṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n gé ìkòkò náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, ẹ̀rí bá a lọ. Ẹnjiníà Olútóyìn, níbikíbi tí ẹ bá wà, ìkòkò yín dára, ẹ̀rọ tí ẹ ní ká rà ì bá gba ẹ̀mí là. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ mi ti wọ ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá wẹ́dà á máa kìlọ̀ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé, "Má jó irin Wahab fún mi o." Ameenat, àkọ́bí Wahab, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tó sì mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ yín lọ, kò rí ẹni gbé géètì ilé ajá pàápàá fún un. Bí oníbàárà bá ti gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀.

Ìyà tèmi bẹ̀rẹ̀ ní ogójì ọjọ́ lẹ́yìn tí a sin ín. Mo wà nínú sàfù, ìlà àwọn tó ń kírun, ní mọ́sálásí, mo foríbalẹ̀, amóníà já wọ imú mi. Mo fò dìde, mo fẹ́ kígbe pé kí gbogbo ènìyàn sá. Kò sẹ́ni tó mira. Láti ìgbà náà, imú tí kò gbóòórùn ọbẹ̀, tí kò gbóòórùn òjò, amóníà nìkan ló ń gbọ́. Ó wà nínú omi tí mo fi ń ṣàlùwàlá. Ó wà lórí ọmọ-ọmọ mi bó bá sùn sí mi láyà, débi pé mo ti ń gbé e fún ìyá rẹ̀ padà. Dókítà fi iná wo ihò imú mi, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀rù ń bà mí gidigidi. Àyà mi náà ti ń dùn mí, n ò sì fẹ́ kú pẹ̀lú òórùn yìí.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ sílé Sùlíyá, ìyàwó Wahab, ní Ọgbà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí mo lè bí, mo sọ gbogbo ohun tí ẹ kà yìí. Kò sunkún. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó wá ní, "Ẹ dìde, Bàbá. Mo ti mọ̀ pé ẹ ò gbóòórùn." Mo ní báwo? Ó ní, "Wahab ló sọ fún mi, ó ku bí ọdún kan kó kú. Ó ní òun ṣèèṣì gbé ẹ̀wà tó ti kan fún yín níbi iṣẹ́, ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ tún ṣàdúrà fún òun. Mo ní kó lọ sọ fún ọ̀gá. Ó ní láéláé, pé ẹ̀yin lẹ mú òun débẹ̀, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín. Ó ní, 'Ibi tí Bàbá bá dúró sí, èmi náà á dúró síbẹ̀. Èmi á máa gbóòórùn fún wọn.'"

Mo jókòó sílẹ̀. Gbogbo àárọ̀ tó fi ń tẹ̀ lé mi yí ìkòkò ká, mo rò pé ó ń kọ́ṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ náà nídìí àkàbà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mọ̀. Ojú mi ta mí, mo mọ̀. Àṣírí kan náà ni àwa méjèèjì ń bò, èmi nítorí ara mi, òun nítorí mi. Sùlíyá ní, "Tèmi, mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àmọ́ èmi kọ́ ni mò ń fi orúkọ Wahab bú ènìyàn. Àwọn tó ń fi í búni ni kí ẹ lọ bá." Ameenat, tó ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí mo wọlé, gbé ìwé àti bírò wá, ó kúnlẹ̀, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́, sà. Ẹ má pè é ní àṣìṣe o."

N ò pè é ní àṣìṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ yín, ọjọ́ tí ara yín ò bá ká a mọ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀sín rẹ̀ ò lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ní tèmi, bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ gba orúkọ Wahab kúrò lẹ́nu àwọn ọmọṣẹ́ yín, bẹ̀rẹ̀ láti òní. Kẹ̀kẹ́ tó ń ná Ọgbà máa já yín sẹ́nu ọ̀nà wọn, ẹ béèrè ilé Ìyá Ameenat. Ẹ gbé iṣẹ́ lọ fún ọmọ náà.