Ìyìn tí Mo Fi Ba Fíìmù Pẹ̀lẹ́ Jẹ́

Dókítà ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí n má kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, mo sì fẹ́ tú u sílẹ̀ kí n tó lọ. Èmi ni mo ba fíìmù Pẹ̀lẹ́ jẹ́, ìyìn ni mo sì fi bà á jẹ́.

Pẹ̀lẹ́ là ń pè é, torí pé bó bá kọlu àga, yóò kí àga náà pẹ̀lẹ́. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan náà la ti jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́; èmi ni mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá fíìmù kan dára tàbí kò dára. Nígbà tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ ṣe fíìmù, mo fi í rẹ́rìn-ín. Ó wá pè mí kí n wò ó kí ẹnikẹ́ni tó wò ó: bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe, tó ń gbàgbé ọmọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo sunkún. Omijé ò tíì gbẹ lójú mi tí owú fi gbà mí lọ́kàn. Kí ló dé tí kì í ṣe èmi?

Bí mo bá bú fíìmù náà, wọ́n á mọ̀ pé mò ń jowú. Mo bá yìn ín. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó jáde, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín, pé a ò tíì rí irú àwàdà báyìí lọ́dún yìí. Ìkà ni mí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó paná. Nígbà tí bàbá náà wo ọmọ rẹ̀, tó bi í pé, "Ìwọ ta ni?", gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Pẹ̀lẹ́ di ọwọ́ mi mú. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé, ọkùnrin kan ń béèrè ibi tí àwàdà ọ̀hún wà. Àwọn alámèyítọ́ fíìmù yòókù kọ ọ́ pé àwàdà tí kò pani lẹ́rìn-ín ni. Kò sẹ́ni tó ṣèdájọ́ fíìmù yẹn fúnra rẹ̀; ìlérí tèmi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì. "Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé fíìmù mi burú ni?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá gbà á là. Mo ní, "Ohun táwọn èèyàn bá ti sọ náà ni."

Kò ṣe fíìmù mọ́. Ọkọ̀ wíwà ló ń kọ́ àwọn èèyàn báyìí.

Níjẹta, ó wá kí mi lórí ibùsùn yìí. Ó nu ojú mi, ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Òun nìkan ló fẹ́ràn fíìmù mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ̀wé, bí ẹ bá ń jowú ẹnìkan, ẹ sọ ọ́ lójú onítọ̀hún. Pẹ̀lẹ́, fíìmù rẹ dára. Mo ti mọ̀ látọjọ́ tí mo ti wò ó. Jọ̀ọ́, forí jì mí. Bó ò bá sì lè forí jì mí, ṣáà lọ ṣe òmíràn.