Àwo Alágùntàn Tí Mo Rà ní Ògbómọ̀ṣọ́

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì le, tí mo ń jí lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo sì ń padà wá gbọ́ oúnjẹ alẹ́ l'Ọ̀yọ́ níbí… ta ló máa sọ fún mi pé n óò di ẹni tó ń jókòó sójú kan báyìí? Àyọ̀ká, ṣé fóònù rẹ ti ń gba ohùn mi? Ó dáa. Jẹ́ kó máa gbà á lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ní orin kún inú fóònù yín. Orin tí gbogbo ayé ń gbọ́ náà ni gbogbo yín ń gbọ́. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tí mo ń ránṣọ nínú ilé yìí, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí bàbá rẹ, kásẹ́ẹ̀tì ti wọ gbogbo ilé. Kò sẹ́ni tó tún fẹ́ àwo mọ́. Àwo dúdú pẹrẹsẹ tí a fi ń gbọ́ orin tẹ́lẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n wá ń fi í ṣe? Wọn á kì í bọ omi gbígbóná, á rọ̀, wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí abọ́, etí ẹ̀ á ká sókè… ó di ìkòkò òdòdó nìyẹn! Wọn á ki òdòdó oníke sínú ẹ̀, wọn á gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Pálọ̀ wo l'Ọ̀yọ́ ni kò sí nínú ẹ̀?

Ibi tí wọ́n ti ń sè wọ́n yẹn ni mo ti ń lọ ṣà wọ́n. Kì í ṣe àwo àwọn gbajúmọ̀ o! Ìyẹn, mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ni tèmi. Mo ní àwo ọkùnrin kan tó kàn ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀rín ni! Mo ní èyí tí wọ́n fi ń polówó oògùn aràn, tí obìnrin kan ń fi orin aládùn ka gbogbo ohun tí aràn ń ṣe nínú ọmọdé. Mo ní èyí tí ọkùnrin kan ti ń fi ẹnu ṣe lọ́rì tó ń gun òkè… á wúkọ́, á kú, awakọ̀ á bú u, á tún gbéra. Ta ló jókòó ronú irú ìyẹn? Ta ló fún un láyè pé kó lọ gbà á sínú àwo? Ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ti fi gbogbo ara ṣe wèrè tó báyẹn, ó yẹ kí ẹlòmíràn bá a tọ́jú ẹ̀.

Àwọn ará ilé ọkọ mi sọ mí ní Ìyá Aláwo. Bàbá Onípákó, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń ta pákó, òun ni olórí ilé nígbà náà. Tó bá ń kọjá, á ní, “Ìyàwó, ìjọ́ wo lo máa ra àwo tí èèyàn gidi ti ń kọrin?” Èmi á kúnlẹ̀, màá ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jù ú nù ná.”

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti rí i, níbi tí mo ti lọ ra aṣọ. Ọkùnrin tó ń sè wọ́n ti mú un dání, omi ń hó níwájú ẹ̀. Mo ní, “Ẹ dúró! Kí ló wà nínú ẹ̀?” Ó ní, “Àgùntàn ni, Mádàámù.” Mo ní, “Orin àgùntàn?” Ó ní, “Rárá o. Àgùntàn! Ọkùnrin àdúgbò wa kan ló ń fi ẹnu ké bí ẹran. Ó ti kú.” Ṣé mo tún lè fi í sílẹ̀?

Ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n ṣe! Ojú kan, ewúrẹ́, adìyẹ, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ojú kejì, abo àgùntàn tó ń pe ọmọ ẹ̀, títí àwo fi tán. Bàbá rẹ, bó ti wù kó máa sunkún tó, tí mo bá ti fi àgùntàn yẹn sí i, á dákẹ́. Á wá máa dá a lóhùn, “Bẹ̀ẹ̀!” Òun nìkan kọ́ o. Bàbá Onípákó ra àgbò Iléyá, ó so ó mọ́ ìdí ọsàn níwájú yàrá mi. Gbogbo ìgbà tí àwo bá ti ké, àgbò náà á ké. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ohùn àgbò nìkan lòun ń gbọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀, mo ń fi í rẹ́rìn-ín.

Iléyá ku díẹ̀, a jí, a ò bá àgbò lórí ìso. Okùn ti já. O mọ bí àsìkò yẹn ṣe máa ń rí, olè ẹran á gbòde. A wá a títí dé ọjà Akẹ̀sán. Wọ́n kéde ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Kò sí. Lọ́jọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn, mò ń ránṣọ, bàbá rẹ ń ké, mo bá fi àgùntàn sí i. Àfi gbàgà! Ìyá Sàrátù, ìyàwó Bàbá Onípákó, ló ń gbá ilẹ̀kùn. “Ẹ wá o! Àgbò wa rèé o! Inú yàrá Ìyá Aláwo ló wà!”

Kí n tó ṣílẹ̀kùn, ojúde ti kún. Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wo ẹ̀yìn àpótí. Mo ní, “Àwo ló ń ké.” Mo fi í sí i, wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Ṣé o rò pé ọ̀rọ̀ parí? Ìyá Sàrátù ní, “Ẹ ò rí i! Ìyẹn ló fi bo ohùn àgbò mọ́lẹ̀ kó tó tà á!” Bàbá Onípákó yíjú sí mi. Ó wá ní, “Ìyàwó, èmi ò pè ọ́ lólè. Ṣùgbọ́n àwọn àwo yìí ti kó ìtìjú bá ilé wa. Lọ́la, kí wọ́n kó gbogbo wọn fún àwọn tó ń sè é.” Mo wo ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó dùn mí o, Àyọ̀ká. Wọ́n máa se àwo mi, orúkọ olè á sì lẹ̀ mọ́ èmi àti ọmọ mi lára.

Ṣùgbọ́n mi ò sunkún. Mo mọ ohun tí mo mọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, mo gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi alágùntàn yìí wá àgbò yín ná. Tí àgbò ò bá dá a lóhùn, èmi fúnra mi ni màá sè é.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n máa rín in lọ.

Ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ àwo ò nílò iná, òkúta tọ́ọ̀ṣì ló ń lò, sípíkà ẹ̀ wà lára ọmọrí. Mo fi òkúta tuntun sí i. Mo pọn bàbá rẹ, mo ru ẹ̀rọ. Èèyàn ò lè máa rìn kí àwo máa ké, abẹ́rẹ́ á máa fò. Tí mo bá rìn díẹ̀, màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àgùntàn á ké, a ó fetí sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò tò tẹ̀lé wa. Àwọn kan ń ké bí àgbò láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Onípákó jágbe mọ́ wọn, “Ẹ panu mọ́! Ẹ jẹ́ ká gbọ́!” Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òun náà ti ń retí.

Ẹ̀yìn àlàpà kan… mo sọ ẹ̀rọ kalẹ̀, àgùntàn ké. Bàbá rẹ dáhùn lẹ́yìn mi, “Bẹ̀ẹ̀!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àfi bí a ṣe gbọ́ ohùn mìíràn, ó há, bí ẹni pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀.

Kòtò tí wọ́n ti ń wa amọ̀ láyé ọjọ́un ló jìn sí. Igbó ti bò ó. Okùn ọrùn ẹ̀ há mọ́ gbòǹgbò. A ti kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, a pè é, pè é, kò dá wa lóhùn. Àwo mi ló dá lóhùn!

Wọ́n fà á jáde. Ìyá Sàrátù sá lọ bu omi fún un, kò wo ojú mi. Bàbá Onípákó wá dúró níwájú mi. Ó ní, “Ẹ̀rọ yẹn wúwo, o sì pọn ọmọ. Gbé e wá.” Olórí ilé o! Ó ṣí fìlà ẹ̀, ó ru ẹ̀rọ mi, ó gba àárín àdúgbò lọ sílé níṣojú gbogbo wọn. Kò sọ pé kí n má bínú. Ṣé ó tún yẹ kó sọ ọ́? Nígbà tó darúgbó tí kò lè jáde mọ́, òun ló máa ń ránṣẹ́, “Ẹ ní kí Ìyàwó gbé àgùntàn mi wá.” Màá fi sí i fún un, á máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tiwa, ta ló jẹ́ ṣe Iléyá síbòmíràn? Bàbá rẹ… Iléyá dé, Iléyá lọ, Àbújá ló wà. “Ìyá mi, iṣẹ́ ni.” Nǹkan tó ń fi ránṣẹ́ ń dé o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Òun fúnra ẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Àárò ẹ̀ ń sọ mí.

Gbé ẹ̀rọ yẹn wá. Rọra o, ó ti gbó bíi tèmi. Sún fóònù rẹ mọ́ ọn… mọ́ ọn dáadáa. Ṣé ó gbà á? Ó dáa. Pè é lálẹ́ yìí. Tó bá gbé e, má kí i, má sọ pé èmi ni. Ṣáà jẹ́ kí àgùntàn yìí ké sí i létí. Kó o wá sọ fún mi bóyá ó dáhùn.