Iṣẹ́ Ìgbowó Aláìsàn Tí Ẹ Ń Wá fún Dorcas

Iṣẹ́ wo lẹ ní kí n bá Dorcas wá, Bọ̀ọ̀dá Olúwọlé? Iṣẹ́ ìgbowó aláìsàn! Ẹ gbéra láti Erìjìyàn nínú oòrùn yìí, ẹ wá jókòó sílé mi, ẹ ní kí ọmọ yín wá dà bí èmi? Háà! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ó ti rẹ̀ mí ni. Ó ti rẹ̀ mí dé mùdùnmúdùn eegun.

Ẹ̀ ń rí mi tí mo ń fi bírò há irun, ẹ rò pé ayé ń dùn. Ayé wo? Láti ìgbà tí ìwòsàn ọ̀fẹ́ ìjọba ti dópin, tí gbogbo ènìyàn ń wá sí ilé ìwòsàn aládàáni tiwa, èmi ni wọ́n ń ṣépè fún ní Arámọkọ. Nọ́ọ̀sì á gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n á ní ó ṣeun. Dókítà á ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á gbé àkùkọ wá fún un. Èmi tí mo kàn gbé ìwé owó síwájú wọn, èmi ni ìkà! Bí mo bá dọ́jà, àfi bí ẹni pé ọlọ́pàá dé.

Kí lẹ wí? Owó oṣù ń kọ́? Ta ló purọ́ fún yín? Láti ìgbà Àjíǹde ni mi ò ti fojú kan owó oṣù, wọ́n sì ti ń ká kòkó ní Ìjurìn!

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ọdúnayọ̀ ni. Ọmọ mi! Lọ́jọ́ tí gìrì mú un, mo pọ̀n ọ́n, mo sáré dé ibi iṣẹ́, ibi iṣẹ́ tèmi o! Dókítà tó ni ilé ìwòsàn jáde, ó ní, “Ìyáàfin Bámigbóyè, ẹ̀yin lẹ mọ òfin jù. Kò sówó, kò sí bẹ́ẹ̀dì.” Mo ní, “Sà, ẹ yọ ọ́ nínú owó oṣù mi tó wà lọ́wọ́ yín.” Ẹ gbọ́ èsì o! Ó ní, “Ìwé owó oṣù lọ́tọ̀, ìwé aláìsàn lọ́tọ̀.” Ọmọ ń gbọ̀n lẹ́yìn mi o! Ṣé ìyá kan ló bí ọkùnrin yẹn? Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

Ẹ mọ ẹni tó dìde? Kùdírátù, ìyàwó Sàlámì dírẹ́fà, àwọn ará Ìwó tó ń gbé lẹ́bàá gáréèjì. Obìnrin tí wọ́n ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́mọ lọlé lẹ́yìn ìbímọ, àfi tó bá sanwó tán. Wọn ò tí ì jẹ́ kó lọ; gbèsè yẹn náà ló fẹ́ san díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ní, “Ẹ gba èyí, kí ẹ gbé ọmọ wọlé. Tèmi lè dúró.” Ì bá jẹ́ bú mi! Kò bú mi. Ó kàn bá mi sọ ọmọ kalẹ̀ ni. Èmi náà ni mo sì jókòó tí mo kọ rìsíìtì ọmọ ara mi, tí omijé ń pa íńkì rẹ́.

Ọmọ yè, ọpẹ́ ni f'Ọlọ́run. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ni mo bá? Àbúrò ìyàwó ọ̀gá, tí wọ́n mú wá láti Àkúrẹ́, tí wọ́n fi ṣe olórí mi! Èmi ni mò ń kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló ń pè mí ní “Eunice, wá ńbí.” Ṣé irú ibẹ̀ lẹ fẹ́ kí Dorcas lọ? Ẹ jẹ́ kó kọ́ aṣọ rírán. Èmi gan-an ò ṣe mọ́. Bí oṣù yìí bá parí, mo ń lọ bá ìyá mi ní Ẹ̀fọ̀n.

Ẹn? Ẹ tún un sọ. Pé Dorcas ti jókòó sílé jù, ọdún ń gorí ọdún… Pé bí mo bá ti wá ń lọ, kí n kúkú fi àga mi sílẹ̀ fún un?

Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín! Gbogbo ẹjọ́ tí mo rò! Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n jókòó kí n rín in dáadáa. Ó mà pẹ́ o tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.