Orin Tó Dákẹ́ Lábẹ́ Àràbà

Nígbà tí eegun ẹ̀yìn mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn méjì lé ara wọn kí n sì tún máa súfèé, orin ni iṣẹ́ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tólú, mo ní kí o má rẹ́rìn-ín. Ṣé fóònù yẹn ti ń gba ohùn mi sílẹ̀? Ó dáa. Gbé e síbẹ̀, má máa fì í kiri.

Ọmọ ọkọ̀ ni mí nígbà náà. Lọ́rì onípákó, tí a fi ń kó ọsàn láti Fìdítì wá sí Ìbàdàn. Mo ti tó ọkùnrin o, mo ti ń fá irùngbọ̀n. Ẹ sì gbọ́: ọmọ ọkọ̀ tí kò bá lè kọrin, ta ló fẹ́ gbà á síṣẹ́? Kò sí rédíò nínú ọkọ̀. Kò sí èyí tí ẹ ń kì bọ etí yìí, tí ìyá yín á pè yín títí tí ẹ ò ní gbọ́. Oòrùn ọ̀sán á mú, ooru ẹ́ńjìnnì á máa fẹ́ síni lẹ́sẹ̀, oorun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun dẹ́rẹ́bà. Ta ni yóò lé oorun yẹn lọ? Ọmọ ọkọ̀ ni. Iwájú ni mo ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá mi, mo ń kọrin láti Fìdítì títí a ó fi já sí Òjóò.

Gbádébọ̀ ni orúkọ ọ̀gá mi. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́. Ará ìjọ aláṣọ funfun ni, láìwọ bàtà ló sì ń wa ọkọ̀. Ó ní bàtà kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ. Èmi ńkọ́? Èmi ò mọ Ọlọ́run kankan. Ẹnu burúkú ni mo ní. Ọkọ̀ tó bá yà sí wa lọ́nà, mo ti bú dẹ́rẹ́bà rẹ̀ dé ìran keje. Orin tí mo sì ń kọ nígbà náà... rárá, mi ò ní kọ ọ́ fún yín. Lọ́jọ́ kan, Gbádébọ̀ dá ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ó wò mí.

"Sámúẹ́lì, ṣé ẹnu rẹ kì í rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Kí ni mo tún ṣe, ọ̀gá?"

"Láti Fìdítì lo ti ń bú èèyàn bọ̀. O ò rí odò yìí? O ò rí òkè lọ́hùn-ún? Fi ẹnu yẹn dúpẹ́ díẹ̀, kí eyín rẹ sinmi."

"Mi ò mọ orin ìwé, ọ̀gá."

"Ta ló bi ọ́ léèrè orin ìwé? Kọ ohun tí o rí!"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kọ ohun tí o rí. Tí a bá dé odò, mo ní, "Odò ń ṣàn, kò bèèrè ọ̀nà, Ẹni tó là á sílẹ̀ ń bẹ lókè." Tí a bá rí ìyá kan tó ń bó pákí lẹ́bàá ọ̀nà, mo ní, "Ìyá ń bó pákí, ó ń kọrin sínú, Olúwa gbọ́, ó súnmọ́ ọn." Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí kò ní ẹsẹ tirẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Òkè ní tirẹ̀. Oko kòkó ní tirẹ̀. Kódà, ihò ńlá kan tó máa ń bẹ́ táyà wa ní tirẹ̀... mo dúpẹ́ pé ó ń jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mò ń yin Ọlọ́run o. Mo rò pé oorun ni mò ń lé.

Èyí tó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹsẹ àràbà. Igi àràbà kan wà ní kọ́nà kan kí a tó dé Ìròkó. Ìdí rẹ̀ tóbi ju yàrá yìí lọ. Tí a bá ti ń rí i lókèèrè, mo ti bẹ̀rẹ̀:

"Àràbà ńlá, ta ló gbìn ọ́? Ẹnìkan ò ní òun ni.
Ẹyẹ kún orí rẹ, ẹnìkan ò gbowó ilé lọ́wọ́ wọn.
Olúwa, o ṣeun, Onílé tí kì í lé ayálégbé."

Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Agbowó yìí bóyá onílé tiwọn rí bẹ́ẹ̀! Gbádébọ̀ á fọwọ́ lu sítíárìn, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Lójoojúmọ́. Orin kan náà, ẹ̀rín kan náà.

Ọ̀rọ̀ wá bàjẹ́ lọ́jọ́ ìkórè. Ní ìjọ wọn ní Mọ́níyà, tí ìkórè bá tó, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ń gbé orin tuntun wá síwájú pẹpẹ, orin tí wọ́n fúnra wọn ṣe. Kò gbọdọ̀ jẹ́ àyálò. Gbádébọ̀ ní kí n wá wò ó. Mo fọ aṣọ, mo lọ, mo jókòó sẹ́yìn. Ó jáde síwájú, òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n gbé ọsàn lórí. Ó lanu. Kí ni mo gbọ́? Odò mi. Ìyá onípákí mi. Àràbà mi! Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n ń jó. Wòlíì bi í pé, "Arákùnrin, ta ló ṣe orin yìí?" Ojú rẹ̀ ò yẹ̀. Ó ní, "Olúwa ló fi fún mi."

Olúwa ló fi fún un! Èmi Sámúẹ́lì tí mo jókòó sẹ́yìn ńkọ́?

Mi ò bá a jà. Ìbá sàn kí n bá a jà. Lọ́jọ́ kejì, a kó ọsàn ní Fìdítì, mo gòkè, mo jókòó, mo sì pa ẹnu mọ́. A dé odò... kẹ́kẹ́. A kọjá lára àwọn onípákí... kẹ́kẹ́. Gbádébọ̀ wúkọ́. Ó ní, "Àbí ọ̀fun ń dùn ọ́ ni?" Mo kọjú síta. Mò ń sọ nínú mi pé kí Olúwa tó fún un lórin wá kọ ọ́ fún un. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, ọ̀nà ń dán bí omi. A dé ibi àràbà. Ọ̀nà yà, ọkọ̀ ò yà. Ó gba inú igbó lọ tààrà.

Ohun tí mo rántí ni ọsàn. Ọsàn nínú koríko, ọsàn lójú ọ̀nà, ọsàn ń yí lọ sídìí àràbà. Àwọn èèyàn sáré wá láti oko. Àwọn kan ń fà wá jáde, àwọn kan ń ṣa ọsàn sínú apẹ̀rẹ̀. Èmi ò fara pa níbì kankan. Gbádébọ̀... Nígbà tí mo lọ wò ó ní ọsibítù, ẹnu ọ̀nà ni mo dé. Mo rí aṣọ ìbora tí wọ́n fi bò ó. Apá kan ga, apá kejì tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà. Mi ò wọlé. Mo yí padà.

Ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi rìn tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́bà, Sókótó, Bìní, Àkúrẹ́. Mo ru pákó, mo fọ ọkọ̀, mo sùn sórí bẹ́ǹṣì ní gáréèjì tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ìrìn àjò, sísá ni mò ń sá. Mo gbà pé oorun ló gbé e lọ, pé èmi tí mo pa ẹnu mọ́ ni mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò kọrin mọ́. Wọ́n á máa kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, màá dúró bí òpó. Títí Fúnmi, ìyá yín, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fi rí mi ní gáréèjì Òjóò, tó fà mí lápá wá sílé yìí, tó gbé àga fún mi síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì.

Orí àga yẹn ni mo wà lọ́dún tó kọjá, tí oníkẹ̀kẹ́ kan dúró de èrò. Ó ń kọrin sábẹ́ ahọ́n. Mo kọ́kọ́ rò pé orí mi ló dàrú. "Àràbà ńlá, ta ló gbìn ọ́..."

Mo dìde. Mo di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. "Ìwọ! Níbo lo ti jí orin yẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mi ò jí nǹkan kan o! Orin ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mọ́níyà ni. Bàbá ẹlẹ́sẹ̀ kan ló máa ń dá a."

"Parí rẹ̀ kí n gbọ́."

"Kò ní ìparí, Bàbá. Tí a bá ti kọ ẹsẹ àràbà tán, gbogbo ìjọ á dákẹ́. Bàbá ẹlẹ́sẹ̀ kan ló ní kí a máa dákẹ́ níbẹ̀."

"Gbé mi lọ."

"Bàbá, Agbowó sí Bódìjà ni mò ń ná..."

"Mo ní gbé mi lọ!"

Nígbà tí a dé Mọ́níyà, Gbádébọ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó fi ọ̀pá méjì ti ògiri. Irun rẹ̀ ti funfun bí òwú. Ó wò mí títí. Mo rò pé á ké mọ́ mi. Ó ní:

"Ọ̀fun náà ti sàn?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo jẹ́ kí ẹ sùn."

"Ta ló sùn?"

"Ẹ̀yin ni. Lọ́jọ́ yẹn."

"Èmi ò sùn, jàre! A dé ibi àràbà, mo yíjú sí ọ, kí n wò ó bóyá o máa kọ ọ́. Mo ti sọ lọ́kàn mi pé tí o bá kọ ọ́, màá tọrọ àforíjì. Ojú rẹ ni mò ń wò tí ọ̀nà fi bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi jí orin, ìwọ há a mọ́nú. Olè pàdé ahun. Kí ni Ọlọ́run ì bá rí gbọ́ nínú ọkọ̀ yẹn?"

Ó ní, ní ìkórè tó tẹ̀ lé ìjàǹbá náà, òun tilẹ̀ dé iwájú pẹpẹ, òun sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ ọkọ̀ òun ló ni orin náà, Sámúẹ́lì lorúkọ rẹ̀. Òun ní kí wọ́n máa dákẹ́ lẹ́yìn àràbà. "Ibi tí o dákẹ́ sí nìyẹn. Ibẹ̀ náà ń fẹ́ ẹsẹ tirẹ̀. Mo fi àyè sílẹ̀ dè ọ́."

Mo fẹ́ lanu lójú ẹsẹ̀. Ó na ọ̀pá sí mi. "Kì í ṣe níbí! Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì. Wá kọ ọ́ níbi tí mo ti jí i."

Ọ̀sẹ̀ méjì! Orin ò jáde. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú balùwẹ̀. Dámilọ́lá, ìwọ lo sáré lọ sọ fún ìyá rẹ pé ewúrẹ́ wọ balùwẹ̀. Mo gbọ́ ọ o. Nígbà tó ká mi lára, mo wọkọ̀ lọ wo kọ́nà náà. Wọ́n ti gé àràbà. Wọ́n ti fẹ ọ̀nà, kùkùté pàápàá ò sí. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n tàn wá. Ìgbà tí mo yíjú sínú igbó, kí ni mo rí? Ọsàn. Igi ọsàn mẹ́ta, níbi tí ẹnì kankan ò ní oko. Mo bi obìnrin kan tó ń kọjá pé ta ló gbìn wọ́n. Ó ní, "Bàbá, a bá wọn níbẹ̀ ni. Ẹnìkan ò ní òun ni."

Mo jókòó sínú koríko.

Lọ́jọ́ ìkórè, ẹ̀yìn náà ni mo jókòó sí. Gbádébọ̀ dá orin, ìjọ gbè é. Odò. Pákí. Òkè. Àràbà. Gbogbo ìjọ sì dákẹ́. Mo gbọ́ fáànù tó ń yí lókè. Gbádébọ̀ ò yíjú sí mi lọ́tẹ̀ yìí. Ó kọjú síwájú, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú bí ẹni tó di sítíárìn mú. Ó ń dúró. Mo dìde. Ohùn mi há bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ó jáde:

"Ọsàn dà sílẹ̀, èèyàn ṣà á.
Àwa náà dà sílẹ̀, Olúwa ṣà wá.
Èyí tí ẹnìkan ò rí ṣà, ilẹ̀ gbà á, ó hù."

Gbádébọ̀ fọwọ́ lu ọ̀pá. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àná, ẹ̀rín kan náà, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ayé ti yí padà o. Ẹ ti ní ẹ̀rọ tó ń kọrin fún yín látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ ò mọ̀ bóyá odò lẹ kọjá tàbí òkè. Ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu arìnrìnkiri: tí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá a jà. Ẹ bú u tó bá gba bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má há ìyìn Ọlọ́run mọ́nú láti fi jẹ ẹ́ níyà. Ẹsẹ̀ èèyàn kì í hù padà bí ọsàn.

Ó yá, Tólú, pa fóònù yẹn. Ìwọ ńkọ́? O ti Bódìjà bọ̀ láàárọ̀ yìí, kí lo rí lọ́nà? Má ronú jù. Kọ ọ́ kí n gbọ́.