Nọ́ńbà tó wà létí mẹ́dàlì bàbá wọn

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ohun tí etí mi bá gbọ́ kì í sọnù: ọkùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá tẹ ìwé ìsìnkú bàbá wọn, tó jẹ́ ọmọ ogun òfurufú, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kétu.

“Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká yọ àwòrán mẹ́dàlì ogun Daddy yẹn kúrò nínú ìwé yìí.”

“Kí àwọn èèyàn lè rò pé kúùkù àwọn sójà lásán ni Daddy?”

“Mo gbé mẹ́dàlì náà lọ sí ọ́fíìsì àwọn ọmọ ogun òfurufú. Nọ́ńbà ọmọ ogun tí wọ́n fín sí etí rẹ̀ kì í ṣe ti Daddy. Wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n ní ẹni tó ni ín kò tojú ogun bọ̀.”

Obìnrin náà rọra jókòó. “Báwo ló ṣe wá dọ́wọ́ Daddy?”

“Ohun tí àwọn ọmọ onítọ̀hún máa bi wá nìyẹn. Wọ́n ti gba nọ́ńbà fóònù mi fún wọn.”